Ọkùnrin lórí kẹ̀kẹ́ obìnrin: bí a ṣe ń yan férémù, bí a ṣe ń mú un bá ara mu, àti bí a ṣe ń gùn ún

Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pè ní kẹ̀kẹ́ obìnrin ni èyí tí irin òkè rẹ̀ kò na tààrà láti ọrùn kẹ̀kẹ́ dé abẹ́ ìjókòó. Wọ́n rẹ irin náà sílẹ̀, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ fi sí i rárá, kí ẹsẹ̀ lè gba iwájú ìjókòó kọjá láìgbé e ga. Yẹ̀rì gígùn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wọ̀ lẹ́yìn ọdún 1885, nígbà tí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tó dọ́gba gbòde, ló bí i. Òun náà ló bí àwọ̀n tí wọ́n ta bo táyà ẹ̀yìn àti àpótí pẹlẹbẹ tó bo ṣéènì. Aṣọ ló pinnu ìrísí rẹ̀. Lónìí, tọkùnrin tobìnrin ló ń gùn ún ní Netherlands àti ní Japan. Kẹ̀kẹ́ àyálò ìgboro Paris (Vélib', 2007), ti London (2010) àti ti New York (Citi Bike, 2013) náà jẹ́ irú rẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ kan náà ní láti gba ẹni gíga àti ẹni kúkúrú, àgbà àti ọ̀dọ́.

Ọkùnrin tí oríkèé ìbàdí rẹ̀ bá ti le, tí orúnkún ń dùn, tó ń gbé ọmọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, tó ń di ẹrù gíga sórí kárià, tó ń wọ aṣọ gígùn, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un gùn kó tún sọ̀ nígbà gbogbo, kẹ̀kẹ́ yìí gan-an ló yẹ ẹ́. Ohun tó sábà máa ń mú un sú ọkùnrin ni pé ó kéré fún un, pé férémù rẹ̀ ń yí ju ti onírin-òkè lọ, àti pé wọ́n di ẹrù sí ibi tí kò yẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ní àtúnṣe bí a bá ṣe é létòlétò: férémù ṣáájú, ara tẹ̀ lé e, ẹrù kẹ́yìn.

Férémù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Orí igun mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ onírin-òkè dúró lé: irin òkè, irin ìsàlẹ̀ tó ti ọrùn kẹ̀kẹ́ wá dé ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí, àti irin àárín tó gbé ìjókòó. Igun mẹ́ta kì í yí ìrísí padà àfi tí ọ̀kan nínú irin rẹ̀ bá tẹ̀ tàbí já. Tí a bá ti yọ irin òkè, ohun tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn á ṣẹ́ ku irin ìsàlẹ̀, gbogbo fífà àti lílọ́ á sì bọ́ sí i lọ́rùn. Ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ ní láti lo irin tó nípọn tàbí tó fẹ̀ kí ó tó le dáadáa, ìyẹn ló fi máa ń wúwo díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Irú férémù rírẹlẹ̀ mẹ́rin ló wọ́pọ̀, agbára wọn kò sì dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí irin òkè rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ irin àárín ní nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Igun mẹ́ta ṣì wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ kéré. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, òun la máa kọ́kọ́ dábàá. Ìkejì ni èyí tí àwọn ará Faransé ń pè ní mixte: irin tín-ínrín méjì ló ti ọrùn kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n gba ọ̀tún àti òsì irin àárín kọjá lọ títí dé ìdí wíìlì ẹ̀yìn. Ó le dáadáa fún ìwọ̀n irin tó wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ sì rọrùn láti kọjá, àmọ́ kò rẹlẹ̀ tó fún ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ rárá. Ìkẹta ni onírin méjì tó jọ tẹ̀ kọ̀rọ̀ wálẹ̀, ọ̀kan lókè èkejì. Ó ń wu ojú, ẹni tó fúyẹ́ sì lè gùn ún láìsí wàhálà. Ìkẹrin ni onírin kan ṣoṣo tó tẹ̀ bí ìkọ́, tó rẹlẹ̀ jù lọ. Tí irin yẹn bá tín-ínrín, yíyí rẹ̀ á pọ̀ lábẹ́ ọkùnrin tó sanra. Tó bá fẹ̀ bí a ṣe ń rí i lára àwọn kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ìsinsìnyí, ó lè le ju gbogbo àwọn tó kù lọ.

Ẹ fi ọwọ́ dán an wò kí ẹ tó gbà á. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì, ẹ yí pẹ́dàlì kan wá sísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ ń wo ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí. Yóò sún díẹ̀, yóò sì padà sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìjókòó mú lọ́wọ́ kan, ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú lọ́wọ́ kejì, ẹ lọ́ wọn lòdì síra. Ó yẹ kó yí díẹ̀. Tó bá ń ké, tàbí tí kò padà bọ̀ sípò, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá iye ìwúwo tó lè gbé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù tàbí kọ ọ́ sínú ìwé kẹ̀kẹ́, àpapọ̀ ohun gbogbo ló sì sábà máa ń jẹ́: ẹni tó gùn ún, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, àti ẹrù. Tí wọ́n bá kọ 120 kg, tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ 18 kg, tí ẹrù sì jẹ́ 12 kg, ẹni tó máa gùn ún kò gbọ́dọ̀ ju 90 kg lọ. Kárià náà ní iye tirẹ̀ tí wọ́n fín sára rẹ̀, 25 kg sì wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 90 kg, kí ó yan irú àkọ́kọ́, mixte, tàbí èyí tí irin rẹ̀ fẹ̀, kí wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní sípóòkù 36.

Tó bá jẹ́ àlòkù

Ibi mẹ́ta ni férémù rírẹlẹ̀ ti sábà máa ń sán: ibi tí irin òkè ti pàdé irin àárín, abẹ́ irin ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn kẹ̀kẹ́ gan-an, àti ẹnu irin àárín níbi tí ọ̀pá ìjókòó ti wọlé. Ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ wá fi iná tàn án. Ọ̀dà tó hunjọ tàbí tó ṣí ní ìlà tín-ínrín lábẹ́ irin ìsàlẹ̀ fi hàn pé kẹ̀kẹ́ ti kọlu nǹkan rí. Ìlà ìpáta tó ń ṣàn láti ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lè jẹ́ sísán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Bóyá férémù ṣì gún ni ohun tó kàn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ so ó mọ́ ibi tí wíìlì ẹ̀yìn wọ̀ sí lápá òsì, ẹ fà á yí ọrùn kẹ̀kẹ́ po, kí ẹ sì dá a padà sí apá ọ̀tún, kó le dan-in. Ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti irin àárín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyàtọ̀ 1 tàbí 2 mm kò ṣe nǹkan kan. Tó bá ti ju 4 mm lọ, férémù ti wọ́, kẹ̀kẹ́ náà á sì máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹ bá ń gùn ún.

Ẹ gbìyànjú láti yọ ọ̀pá ìjókòó. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ti pẹ́ nínú férémù onírin láìsí gíríìsì máa ń lẹ̀ pinpin, bẹ́ẹ̀ ohun àkọ́kọ́ tí ọkùnrin gíga máa nílò ni pé kí ó lè gbé e sókè. Tí kò bá yọ, iṣẹ́ ńlá wà lọ́rùn yín.

Gíga ìjókòó

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fara ti ògiri, ẹ fi ẹ̀yìn ìwé líle sí àárín itan bí ìgbà tí ẹ bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ tì í sókè dáadáa. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé etí ìwé náà. Ẹ fi 0.883 sọ iye yẹn di púpọ̀. Èyí tó bá jáde ni gíga láti àárín ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí dé orí ìjókòó, tí a bá wọ̀n ọ́n bí irin àárín ṣe dà. Fún ẹsẹ̀ 84 cm, ó jẹ́ nǹkan bí 74 cm. Ìṣirò yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn asáré kẹ̀kẹ́ tó ń tẹ̀ síwájú. Lórí kẹ̀kẹ́ tí a ń jókòó gbọnrangandan sí, ẹ yọ 1 sí 2 cm kúrò, kí ẹsẹ̀ lè kanlẹ̀ dáadáa ní ibi ìdúró.

Ọ̀nà kejì kò fẹ́ ìṣirò. Ẹ jókòó, kí ẹlòmíràn di kẹ̀kẹ́ mú, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn. Ọkùnrin tó ń gùn ún pẹ̀lú ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù ni ó máa ń sọ pé kẹ̀kẹ́ obìnrin ń dun orúnkún. Ìjókòó ló ń dùn ún.

Ọ̀pá ìjókòó tó bá kẹ̀kẹ́ wá sábà máa ń kúrú. Ìlà kan wà tí wọ́n fín sí i. Ìlà yẹn kò gbọ́dọ̀ hàn lóde. Lórí férémù rírẹlẹ̀, ó ṣe pàtàkì ju ti ibòmíràn lọ, nítorí irin àárín ga sókè fúnra rẹ̀ láìsí irin òkè tó tì í lẹ́yìn. Tí ọ̀pá tó wọlé bá kúrú, ẹnu irin náà ni gbogbo ìwúwo ń tẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń ya. Ẹ ra ọ̀pá tó gùn tó 350 tàbí 400 mm, kí ó kéré tán 100 mm rẹ̀ wà nínú. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára èyí tí ẹ yọ: 25.4, 26.0, 27.2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n wọn ń fi 0.2 mm ju ara wọn lọ, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì tó láti mú kí ó máa yọ̀ wálẹ̀. Ẹ má fi bébà tàbí agolo ká a. Ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á kí ẹ tó tì í wọlé.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́, orúnkún àti ìka ẹsẹ̀

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ obìnrin ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wá sẹ́yìn. Ó dára fún ẹ̀yìn, àmọ́ orúnkún ẹni gíga lè kan án tí ó bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Lórí ìjókòó, ẹ yí pẹ́dàlì kan wá sókè pátápátá, ẹ ṣẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tán sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí ẹ ṣe é fún apá kejì. Tí orúnkún bá kàn án, ẹ gbé e sókè tàbí kí ẹ sún un síwájú.

Lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ọ̀pá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń wọ inú ọrùn lọ, bóòtì gígùn kan ló sì dì í mú láti òkè. Òpó rẹ̀ jẹ́ 22.2 mm lára èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ fi álẹ̀n kíì 6 mm tàbí sípánà 13 mm tú bóòtì náà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yíyí, kí ó yọ sókè díẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ gbé pákó lé e lórí, ẹ fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí irin tó há sínú lè tú. Ẹ wá gbé ọ̀pá náà sókè, àmọ́ kí ìlà tí wọ́n fín sí i má yọ síta. Ẹ tò ó kí ó gún pẹ̀lú táyà iwájú, kí ẹ dì í padà. Láti mọ̀ pé ó le tó, ẹ fi itan méjèèjì há táyà iwájú, kí ẹ fi agbára ṣẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́: kò gbọ́dọ̀ yí dá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ ẹ dé ìpẹ̀kun ní ọ̀tún àti òsì. Tí wáyà bíréèkì bá le dan-in tàbí tí bíréèkì bá ń di fúnra rẹ̀, wáyà náà ti kúrú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lára kẹ̀kẹ́ tuntun tí ọ̀pá rẹ̀ ń há mọ́ òpó láti ìta, fífà á sókè bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe. Irin àsomọ́ tí ń mú un ga tàbí ọ̀pá tó dà sókè la ń lò.

Bàtà ọkùnrin sábà máa ń gùn. Lórí férémù kékeré, ìka ẹsẹ̀ lè kan táyà iwájú tàbí ìbò ẹrẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí lọ́ra. Ẹ dá a mọ̀ ní ìdúró kí ojú ọ̀nà má ṣe fi hàn yín. Tí pẹ́dàlì bá dín fún ẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó fẹ̀ pẹ̀lú sípánà 15 mm. Ti ọ̀tún ń tú bí gbogbo bóòtì, àmọ́ ti òsì ń tú sí ọ̀nà òdìkejì. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ba ihò apá pẹ́dàlì jẹ́.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí orúnkún ṣì ń kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí ìlà ọ̀pá ìjókòó ti fẹ́ yọ, tí táyà iwájú sì ń fúyẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, férémù ló kéré. Ẹ wá èyí tó tóbi. Kẹ̀kẹ́ rírẹlẹ̀ ti Netherlands tí wọ́n ń pè ní omafiets wà ní ìwọ̀n 57 cm, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọkùnrin gíga.

Ìjókòó fúnra rẹ̀

Ìjókòó tí wọ́n fi sára kẹ̀kẹ́ obìnrin máa ń fẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì máa ń sáré yọ ọ́. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹni tó jókòó gbọnrangandan ń gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé egungun ìdí méjì, ó sì nílò ìjókòó tó fẹ̀ ju ti ẹni tó tẹ̀ síwájú lọ, ìbáà ṣe ọkùnrin.

Ẹ tẹ́ páálí oníhò, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpótí ọjà, sórí àga líle, ẹ jókòó sí i, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ dìde, ẹ wọn láti àárín ibi tó tẹ̀ sínú kan dé àárín èkejì. Tí ẹ bá ń jókòó gbọnrangandan, ẹ fi bí 4 sí 5 cm kún un. Tí ẹ bá ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, 2 sí 3 cm tó. Ìyẹn ni fífẹ̀ ìjókòó tí ẹ nílò.

Ẹ tò ó kí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Tí ojú ara bá ń kú tipiri, imú ìjókòó ti ga jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá ń yọ̀ síwájú, tí ọwọ́ sì ń ro yín, ẹ ti rẹ̀ ẹ́ jù. Kíkú tipiri kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń fara dà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí a ṣe ń gùn ún àti bí a ṣe ń sọ̀

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti mọ kẹ̀kẹ́ onírin-òkè lára ṣì máa ń ju ẹsẹ̀ sẹ́yìn gba orí kárià. Tí ọmọ tàbí ẹrù bá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ á gbá a, kẹ̀kẹ́ á sì dojú dé.

Ẹ dúró sí apá òsì, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì. Ẹ yí pẹ́dàlì ọ̀tún wá sí òkè níwájú, bí ibi tí agogo méjì wà. Ẹ dà kẹ̀kẹ́ sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún gba àlàfo níwájú ìjókòó kọjá, kí ẹ gbé e lé pẹ́dàlì. Ìdí yín kò tíì kan ìjókòó báyìí; ẹ wà níwájú rẹ̀. Ẹ tú bíréèkì, ẹ tẹ pẹ́dàlì sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìtẹ̀sílẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ gbé yín sórí ìjókòó. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ dín eré kù, ẹ gbé ìwúwo lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀, ẹ sún síwájú kúrò lórí ìjókòó, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kejì kan ilẹ̀ nígbà tí ó bá dúró.

Àwọn kan máa ń dúró lórí pẹ́dàlì òsì nìkan, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ilẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ á fi sáré. Ẹni tó wúwo kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di àṣà lórí férémù rírẹlẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fi gbogbo ìwúwo lọ́. Bákan náà ni dídìde dúró láti fi agbára gun òkè: ẹ̀ ń fi okun yín lọ́ irin. Ẹ yí gíà sílẹ̀, kí ẹ jókòó máa yí pẹ́dàlì kíákíá.

Ẹrù, àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń gbọ̀n

Èyí ni ibi tó yẹ kí ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ rírẹlẹ̀ ṣiṣẹ́ fara balẹ̀ sí jù. Tí ẹrù wúwo bá wà lókè lórí kárià ẹ̀yìn, ẹ̀yìn á máa jù sí ọ̀tún, iwájú á jù sí òsì, irin tó so méjèèjì pọ̀ á sì máa lọ́ lọ, lọ́ bọ̀. Ní eré kan, sábà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Lórí kẹ̀kẹ́ onírin-òkè, ẹni tó gùn ún lè fi orúnkún há irin náà kí ìgbọ̀n má lè pọ̀. Níbí, irin yẹn kò sí.

Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi agbára di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó ń bá a jà. Ẹ dì í mú jẹ́jẹ́ ní ọwọ́ méjèèjì, ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó kí ìwúwo bọ́ sórí pẹ́dàlì, ẹ sì fi bíréèkì ẹ̀yìn dín eré kù díẹ̀díẹ̀. Kí ó má tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló dára jù: ẹ di ẹrù sínú àpò méjì tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ wíìlì ẹ̀yìn, kí wọ́n wúwo dọ́gba, kí wọ́n sì rẹlẹ̀. Ẹ mú èyí tó wúwo jù sún mọ́ iwájú àpò. Tí ẹrù bá pọ̀, ẹ gbé díẹ̀ lọ síwájú. Ẹ má so ẹrù wúwo kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ẹ tún yẹ ọrùn kẹ̀kẹ́ wò: ẹ tẹ bíréèkì iwájú, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn, ẹ fi ìka kan ibi tí ọrùn ti pàdé fọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá gbọ́ pé ó ń kan kó-kó, ó ti ṣí, òun nìkan sì tó láti mú kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ máa gbọ̀n.

Táyà ẹ̀yìn ló ń gbé ìdá tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ẹni tó jókòó gbọnrangandan. Fún ẹni 85 kg lórí táyà tó fẹ̀ ní 37 mm, ẹ fẹ́ ti ẹ̀yìn dé 5 bar (bar ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ná, kí ti iwájú dín díẹ̀, kí ẹ má sì kọjá iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ táyà, nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú méjì tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (bí 622 nínú 37-622) ni kí ẹ wò. 622 àti 635 ni wọ́n jọ ń pè ní íǹṣì 28, pàápàá lára kẹ̀kẹ́ Netherlands àtijọ́, ọ̀kan kò sì lè wọ rìmù èkejì.

Ẹ má yọ àwọ̀n táyà ẹ̀yìn àti ìbò ṣéènì dànù nítorí pé wọ́n jọ ti obìnrin. Ṣòkòtò gbọọrọ àti okùn àpò ń há sí ṣéènì bí yẹ̀rì ṣe ń há, ẹsẹ̀ ọmọ tó jókòó lẹ́yìn sì lè wọ inú sípóòkù.

Gbígbé e àti títì í

Kò sí irin òkè láti gbé kọ́ èjìká. Ẹ fi ọwọ́ kan di irin àárín mú nísàlẹ̀, ẹ fi èkejì di irin ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Fún ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó nílò irin òkè, wọ́n ń ta irin àfikún kan tó ń so ọ̀pá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọ̀pá ìjókòó. Ẹ rí i dájú pé iye tó lè gbé tó ìwúwo kẹ̀kẹ́ yín, nítorí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì sábà máa ń wúwo jù fún un. Tí ẹ bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ láti tún un ṣe, ọ̀pá ìjókòó ni kí irin ìdìmú há, kì í ṣe irin tín-ínrín tó lè tẹ̀.

Títì í tún rọrùn: ẹ fi kọ́kọ́rọ́ onírin líle so wíìlì ẹ̀yìn àti irin àárín pọ̀ mọ́ òpó tí kò ṣeé fà tu, kí ẹ fi ṣéènì so wíìlì iwájú. Igò omi kì í sábà ráàyè láàárín férémù. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀yìn ìjókòó la ń so ó mọ́. Lẹ́yìn 50 km àkọ́kọ́ tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ padà dán bóòtì ọ̀pá ìjókòó, ọ̀pá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, pẹ́dàlì àti kárià wò, kí ẹ di èyí tó bá ti rọ̀.